Bí mo ṣe tú 4,294,967,297 palẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ẹ̀rọ ìṣírò kékeré

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí: 4,294,967,297. Díjítì mẹ́wàá ni. Bí a ṣe ń dé ibẹ̀ kò le: to 2 méjìlélọ́gbọ̀n kalẹ̀, sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn (2^32), kí o wá fi 1 lé e. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá nọ́ńbà kan wà, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, tó lè pín in láìṣẹ́kù. Bí kò bá sí, práímù ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. Bí ó bá wà, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi rí i.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Lọ́dún 1640, Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣírò ará Faransé, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun gbà pé gbogbo nọ́ńbà tí a bá ṣe báyìí, práímù ni wọn. Irú àwọn nọ́ńbà náà ni 2^1 + 1, 2^2 + 1, 2^4 + 1, 2^8 + 1 àti 2^16 + 1, ìyẹn 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Práímù ni márààrún lóòótọ́. Tiwa ló tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1732 ni Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣírò mìíràn, fi hàn pé ti ẹlẹ́ẹ̀kẹfà yìí kì í ṣe práímù. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí Euler rí gan-an, mo mọ̀ọ́mọ̀ má wò ó.

Ohun tí mo lò: ìwé kan tí wọ́n fa ilà rẹ̀ ní ìbú àti òró, kí díjítì kọ̀ọ̀kan lè jókòó sínú àpótí tirẹ̀, pẹ́ńsù méjì, rúlà, ẹ̀rọ ìṣírò kékeré tí ojú rẹ̀ gba díjítì mẹ́jọ péré, àti kọ̀ǹpútà fún ìpele kan ṣoṣo. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà, ó sì kún ojú ìwé mẹ́tàlélógún. Àṣìṣe ló wà nínú méje lára ojú ìwé wọ̀nyẹn. Mi ò ya ìkankan dànù, torí inú wọn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù.

Ìpele 1. Àwọn práímù kéékèèké (wákàtí méjì ààbọ̀)

Agbára lásán ni ìpele yìí. Mo kọ àwọn práímù láti 3 dé 97 sí etí ìwé, mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, mo sì fi wọ́n pín nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò dé ọ̀dọ̀ 2 rárá, torí 7 ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Fún 3, mo ro àwọn díjítì rẹ̀ pọ̀: 4 + 2 + 9 + 4 + 9 + 6 + 7 + 2 + 9 + 7 = 59, ó ṣẹ́ku 2. Fún 5, díjítì ìkẹyìn ti sọ ọ́: ó ṣẹ́ku 2. Àwọn yòókù gba pé kí n pín in gùn lórí ìwé. 7 ṣẹ́ku 5. 11 náà ṣẹ́ku 5. 13 ṣẹ́ku 10. 17 ṣẹ́ku 2. 19 ṣẹ́ku 7.

Nígbà tí mo dé 97, kò sí ìkankan tó pín in. Mo wá ṣírò iye tí ọ̀nà yìí máa ná mi. Kò pọn dandan kí n kọjá 65,536, torí 65,536 × 65,536 fi 1 péré dín sí nọ́ńbà wa. Bí nọ́ńbà méjì bá para pọ̀ di í, ọ̀kan nínú wọn kò lè ju 65,536 lọ. Ṣùgbọ́n práímù tó wà lábẹ́ 65,536 jẹ́ 6,542. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ìpín kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ju 650 wákàtí lọ. Mo dúró.

Kí n tó pa ìwé dé, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Nínú práímù mẹ́rìnlélógún yẹn, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ku 2: 3, 5 àti 17. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ẹ̀gbọ́n nọ́ńbà wa, àwọn tí Fermat kà ṣáájú rẹ̀! Mo dán 257 wò, ó ṣẹ́ku 2. Mo dán 65,537 wò, 2 náà. Mo sọ márààrún di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn:

3 × 5 × 17 × 257 × 65,537 = 4,294,967,295

Ó fi 2 gééré dín sí tiwa. Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pín in láé. 2 ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Mi ò wá a, òun ló wá mi, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pinnu pé màá parí iṣẹ́ náà.

Ìpele 2. Ẹ̀rọ ìṣírò kò gbà á

Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ìṣírò mú iṣẹ́ yá. Mo tẹ nọ́ńbà náà wọlé, ó dúró sí 42949672. Díjítì méjì tó kẹ́yìn kò wọlé. Bí ènìyàn kò bá wo ojú ẹ̀rọ dáadáa, gbogbo àṣẹ́kù tó máa rí lẹ́yìn náà á jẹ́ ti nọ́ńbà mìíràn.

Ohun tó tún un ṣe rèé. Torí pé 4,294,967,296 jẹ́ 65,536 × 65,536, mi ò nílò nọ́ńbà ńlá náà rárá. Bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí nọ́ńbà kan, ká pè é ní p, máa ṣẹ́kù nínú rẹ̀:

(a) mo fi p pín 65,536, mo kọ àṣẹ́kù rẹ̀ sílẹ̀;
(b) mo sọ àṣẹ́kù náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀;
(d) mo tún fi p pín èyí, mo kọ àṣẹ́kù tuntun;
(e) mo fi 1 kún un.

Mo fi 7 dán an wò. 65,536 ṣẹ́ku 2; 2 × 2 = 4; 4 kò tó 7, ó dúró bẹ́ẹ̀; 4 + 1 = 5. Ó bá èyí tí mo rí lórí ìwé mu. Níwọ̀n ìgbà tí p kò bá ju 10,000 lọ, kò sí nọ́ńbà kankan nínú ọ̀nà yìí tó máa ju díjítì mẹ́jọ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà di ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀.

Nípa bí mo ṣe ń rí àṣẹ́kù lórí ẹ̀rọ: má ṣe mú ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdá kí o sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀rọ kékeré máa ń gé e kù. Mú odidi tó wà níwájú àmì náà, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú p, kí o yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà tí o ń pín. Èyí kò tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ìpele 3. Ìdánwò tó ṣì mí lọ́nà

Fermat kan náà ló fún wa ní ìlànà kan tó péye: bí N bá jẹ́ práímù, mú nọ́ńbà èyíkéyìí tí N kò pín, gbé e dé agbára N − 1 (ìyẹn, to o kalẹ̀ ní ìgbà N − 1, kí o sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn), fi N pín in, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Láti ibí lọ, nọ́ńbà wa ni mò ń pè ní N. Mo rò pé kí n fi 2 ṣe é, torí 2 ló rọrùn jù.

Ó rọrùn lóòótọ́, ó tilẹ̀ rọrùn jù. 2^32 fi 1 dín sí N, nítorí náà −1 ló ṣẹ́kù (ọ̀nà kúkúrú láti sọ pé N − 1 ló ṣẹ́kù). Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 2^64 ṣẹ́ku 1. N − 1 sì jẹ́ 64 lọ́nà 67,108,864, nítorí náà 2^(N−1) ṣẹ́ku 1 pẹ̀lú. Ìlà mẹ́ta péré. Mo kọ “práímù ni” sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, mo sì fa ilà sí i nídìí.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí Euler. Mo lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ kejì láti wá ibi tí ìṣírò ti bàjẹ́, kò sì sí ibi tó ti bàjẹ́. Òye mi ló ṣì. Ìlànà náà sọ pé práímù máa ṣẹ́ku 1. Kò sọ pé ohun tó bá ṣẹ́ku 1 ni práímù. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo nọ́ńbà tó bá jẹ́ irú èyí ló máa yege nínú ìdánwò 2, ì báà jẹ́ práímù tàbí kò jẹ́ ẹ. Ìdánwò tí gbogbo ẹni tó jókòó ṣe é máa yege kò sọ ohunkóhun fún wa. Mo fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kan kọ “fi 3 dán an wò” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìpele 4. Ìdánwò pẹ̀lú 3 (ìrọ̀lẹ́ méjì)

Iṣẹ́ kan náà ni, àmọ́ 3 kò ní ọ̀nà àbùjá. N − 1 jẹ́ 2^32, nítorí náà mo máa mú 3, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, fi N pín in, mú àṣẹ́kù, kí n tún ṣe bẹ́ẹ̀, ní ìgbà méjìlélọ́gbọ̀n. Pẹ̀lú ọwọ́, mo dé ìgbà karùn-ún:

1: 9
2: 81
3: 6,561
4: 43,046,721
5: 1,853,020,188,851,841, tó ṣẹ́ku 3,793,201,458

Láti ibẹ̀ lọ, ìsọdipúpọ̀ lè gùn dé díjítì mọ́kàndínlógún tàbí ogún. Ìgbà kẹfà gba mí ní odidi ojú ìwé kan, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn méjèèjì kò bá ara wọn mu. Mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà.

Níbẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe méjì tí mo fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀. Àkọ́kọ́: mo fi nọ́ńbà náà sínú àyè tí ó gba bíìtì 32 (bíìtì ni díjítì 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà). Gbogbo àṣẹ́kù jáde ní 0, láti ìgbà kìn-ín-ní dé ìgbà ìkẹyìn. Nígbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà tẹ N fún mi wò, ó tẹ 1. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà tó tóbi jù tí àyè bíìtì 32 lè gbà ni 4,294,967,295. Bí a bá kọ tiwa sílẹ̀ ní òǹkà oníméjì, díjítì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni: 1 níwájú, òdo mọ́kànlélọ́gbọ̀n láàárín, 1 lẹ́yìn. Àyè náà gé 1 iwájú sọnù, ó ku 1 ẹ̀yìn. Mo ti ń fi 1 pín gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìkejì: mo fẹ àyè náà dé bíìtì 64, èyí tó gba nọ́ńbà òdì pẹ̀lú. Ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́ bá ìwé mi mu gẹ́lẹ́, ìgbà kẹfà sì jáde pẹ̀lú àmì òdì níwájú. 3,793,201,458 lọ́nà ara rẹ̀ ju 14 tí òdo méjìdínlógún tẹ̀ lé lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí irú àyè yẹn lè gbà kò ju 9,223,372,036,854,775,807. Ó dára pé àmì òdì yọ, torí àṣẹ́kù tí mo ní kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ kò yẹ kó ní àmì òdì. Ká ní ó tún yí padà di nọ́ńbà tó dà bíi gidi ni, mi ò ní mọ̀.

Mo lọ sí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí kì í fi ààlà sí gígùn nọ́ńbà. Ìlà kan ṣoṣo ni:

pow(3, 4294967296, 4294967297)

Ìdáhùn: 3029026160. Kì í ṣe 1. Mo tún wo ohun tó wà ní ìgbà kọkànlélọ́gbọ̀n, torí ìdánwò tí Pépin, onímọ̀ ìṣírò ará Faransé, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1877 sọ pé −1, ìyẹn 4,294,967,296, ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ práímù. 10,324,303 ni mo bá. Mo fi pẹ́ńsù sọ 10,324,303 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 106,591,232,435,809. Mo fi N pín in, ó ṣẹ́ku 3,029,026,160. Ó bá ti kọ̀ǹpútà mu.

Nítorí náà, kì í ṣe práímù. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí rèé: mo ti mọ̀ dájú pé nọ́ńbà náà ṣeé pín, mo sì ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ mi ò mọ ẹyọ nọ́ńbà kan tó lè pín in. Ẹ̀rí náà kò sọ ibi tí ìlà rẹ̀ gbà.

Ìpele 5. Dídín àwọn tí a máa yẹ̀ wò kù

Mo padà sí ìlà mẹ́ta ìpele 3. Wọn kò wúlò fún ohun tí mo kọ́kọ́ lò wọ́n fún, ṣùgbọ́n wọ́n wúlò níbí. Ká sọ pé práímù p pín nọ́ńbà wa. Bí mo bá ń gbé 2 lọ sókè díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń fi p pín in, −1 ló máa ṣẹ́kù ní 2^32, 1 ló máa ṣẹ́kù ní 2^64, kò sì lè jẹ́ 1 ṣáájú ibẹ̀. Ìyípo àwọn àṣẹ́kù náà gùn ní 64 gẹ́lẹ́. Ìlànà Fermat sì sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 ní 2^(p−1). Nítorí náà, 64 gbọ́dọ̀ pín p − 1 láìṣẹ́kù.

Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, p gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, 64 la ń fi kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí ni Euler gbà. Mo pa àwọn tí kì í ṣe práímù rẹ́. Ó ku 193, 257, 449, 577, 641, 769, 1,153, 1,217, 1,409 … Gbogbo àwọn práímù tí mo fi wákàtí méjì ààbọ̀ pín ní ìpele 1, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kí n fọwọ́ kàn.

Ìpele 6. Bí mo ṣe rí i tí mo sì kọjá lára rẹ̀

Mo fa ilà mẹ́rin sójú ìwé: p, àṣẹ́kù 65,536, ìsọdipúpọ̀, àṣẹ́kù rẹ̀. Èyí ni ohun tó wà níbẹ̀:

193: 109, 11,881, 108
257: 1, 1, 1
449: 431, 185,761, 324
577: 335, 112,225, 287
641: 154, 23,716, 640
769: 171; 29,241; 19
1,153: 968, 937,024, 788

Mo ń wá 0, mi ò rí i. Mo ń bá a lọ títí mo fi dé 1,409 ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, àti ní ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀ lé e mo ti kọjá 3,000. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko.

Ohun tó pe àkíyèsí mi ni 257. Mo ti mọ̀ láti ìpele 1 pé 2 ló ń ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n 1 ló wà nínú ìwé yìí. Mo wò ó títí. Ìgbésẹ̀ (e)! Mi ò fa ilà fún un, nítorí náà mi ò ṣe é fún ìkankan. Kì í ṣe 0 ló yẹ kí n máa wá nínú ilà ìkẹyìn yẹn. Nọ́ńbà tó fi 1 dín sí p ló yẹ kí n máa wá. Mo sáré gbójú lé ilà náà látòkè. 108 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 193, rárá. 324 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 449, rárá. 287 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 577, rárá. 640 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 641.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ọjọ́ méjì ṣáájú, mo sì fa àmì “kì í ṣe” sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìṣírò bá ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, mo máa ń fa ilà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó kọ ohunkóhun, títí kan èyí tó kéré tó bí “fi 1 kún un”. Mo sì máa ń fi nọ́ńbà kan tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ sáàárín àwọn tí mi ò mọ̀. 257 ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí òótọ́ iṣẹ́: 641 ni práímù kẹrìndínlọ́gọ́fà. Ká ní mo ń bá agbára lásán ìpele 1 lọ ni, ìpín 116 péré ni mo máa ṣe, nǹkan bíi wákàtí méjìlá.

Mo fẹ́ ẹ̀rí mìíràn tí kò gba ẹ̀rọ kankan, mo sì rí ọ̀kan tó rẹwà. 641 jẹ́ 5 × 128 + 1, ó sì tún jẹ́ 625 + 16. Láti inú àkọ́kọ́, 5 × 2^7 ṣẹ́ku −1 bí a bá fi 641 pín in. Gbé e dé agbára mẹ́rin, 5^4 × 2^28 ṣẹ́ku 1. Láti inú ìkejì, 5^4 àti −2^4 dọ́gba ní àṣẹ́kù. Fi −2^4 rọ́pò 5^4: −2^32 ṣẹ́ku 1, ìyẹn ni pé 2^32 ṣẹ́ku −1. Fi 1 kún un, kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Mo kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé níbi tí mi ò ti ní pàdánù rẹ̀.

Ìpele 7. Fífi 641 pín in

Ó yẹ kí èyí rọrùn. 4,294 nínú 641: 6, ó ku 448. Mú 9 wálẹ̀: 4,489, 7, ó ku 2. Mú 6 wálẹ̀: 26, kò tó. Mú 7 wálẹ̀: 267, kò tó. Mú 2 wálẹ̀: 2,672, 4, ó ku 108. Mú 9 wálẹ̀: 1,089, 1, ó ku 448. Mú 7 wálẹ̀: 4,487, 7, kò ku nǹkan.

Mo kọ 67,417 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Níbi méjì tí “kò tó”, mi ò kọ òdo. Nígbà tí mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 641 láti yẹ̀ ẹ́ wò, 43,214,297 ló jáde, díjítì mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ díjítì mẹ́wàá ni mò ń wá. Ibi tí díjítì méjì bá ti sọnù, òdo méjì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ìdáhùn tó péye ni 6,700,417.

641 × 6,700,417 = 4,294,967,297

Ìpele 8. Ṣé 6,700,417 náà ṣeé pín?

Bí práímù kan bá pín 6,700,417, ó ti pín N pẹ̀lú, nítorí náà òun náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà ìpele 5. Kò sì nílò kí n kọjá 2,588, torí 2,589 × 2,589 ti ju 6,700,417 lọ. Ní àkókò yìí ni mo tó mọ̀ pé Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣírò ará Faransé mìíràn, ti fi nǹkan kún iṣẹ́ Euler lọ́dún 1878: kì í ṣe 64 nìkan ló ń pín p − 1, 128 ni. Ìdajì àwọn tó wà lórí ìwé mi bọ́ lulẹ̀. Ogún nọ́ńbà péré ló kù lábẹ́ 2,588, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn kì í ṣe práímù (1,537 fẹ́ tàn mí jẹ, 29 × 53 ni). Márùn-ún tó ṣẹ́kù rèé, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹ́kù nínú 6,700,417:

257 ṣẹ́ku 170
641 ṣẹ́ku 44
769 ṣẹ́ku 120
1,153 ṣẹ́ku 334
1,409 ṣẹ́ku 622

Ìpín márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó parí. Práímù ni 6,700,417. Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́rin péré ló pín tiwa láìṣẹ́kù: 1, 641, 6,700,417 àti òun fúnra rẹ̀. Àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 4,301,668,356. Bí a bá ka gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé ọ̀dọ̀ tiwa tí àwọn àti tiwa kò jọ ní olùpín kankan ju 1 lọ, 640 × 6,700,416 ni wọ́n, ìyẹn 4,288,266,240.

Ìpele 9. Ohun tí mi ò retí

Ní ìrọ̀lẹ́ ìkẹyìn, mo fẹ́ mọ ọ̀nà mélòó ni a lè gbà kọ nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ nọ́ńbà méjì tí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọ̀kan hàn gbangba: 65,536 × 65,536 + 1 × 1. Práímù tó bá ṣẹ́ku 1 nígbà tí a fi 4 pín in, ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń ní. Bí mo bá rí ọ̀nà kejì, ẹ̀rí mìíràn nìyẹn pé kì í ṣe práímù.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. 641 kò ṣòro: 25 × 25 + 4 × 4. Fún 6,700,417, mo bẹ̀rẹ̀ láti 2,588 mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀ kúrò, mo ń wo ohun tó kù. 2,588 ku 2,673. 2,587 ku 7,848. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kì í parí sí 2, 3, 7 tàbí 8. Láti ìgbà yẹn, díjítì ìkẹyìn nìkan ni mo ń kọ́kọ́ wò. Mo dé 2,556. Ó ku 167,281, 409 × 409 sì ni.

Mo wá pa méjèèjì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó ti wà láti ayé Brahmagupta, onímọ̀ ìṣírò àtijọ́ ará Íńdíà: sọ àwọn ẹgbẹ́ di púpọ̀ ní àgbélébùú, kí o ro wọ́n pọ̀, kí o sì yọ wọ́n kúrò lára ara wọn.

25 × 2,556 = 63,900, àti 4 × 409 = 1,636
25 × 409 = 10,225, àti 4 × 2,556 = 10,224

Mo ro ìlà àkọ́kọ́ pọ̀: 65,536. Mo yọ ìlà kejì kúrò lára ara rẹ̀: 1. Mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. 65,536 àti 1, àwọn tí a fi kọ́ nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n jáde láti inú 25, 4, 2,556 àti 409, àwọn tí kò jọ wọ́n rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo yí àmì padà. Mo yọ ìlà àkọ́kọ́ kúrò: 62,264. Mo ro ìlà kejì pọ̀: 20,449, tó jẹ́ 143 × 143. Ọ̀nà kejì nìyẹn. Mo fi ọwọ́ ṣe é, láìlo ẹ̀rọ, díjítì kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀:

62,264 × 62,264 = 3,876,805,696
20,449 × 20,449 = 418,161,601
Àròpọ̀ wọn: 4,294,967,297